Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Wa Lókè Òkun: Ta Ni Yóò Tọ́jú Aláìsàn Lẹ́yìn Tí Ẹ Bá Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, oníṣègùn ojú àti oníṣègùn eyín, tí ẹ wà ní London, Manchester, Houston, Baltimore àti àwọn ìlú mìíràn lókè òkun, tí ẹ ń kó ẹrù jọ lọ́wọ́ báyìí láti wá ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ilé,

 

Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Mo ti rí irú yín tó pọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ń wá, ìjọ ń wá, àwọn tó jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ kan náà ń kóra jọ wá. Mo sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi ANPA, ti àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti MANSAG, ti àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ó ti pẹ́. Ìsinmi ọdún tó yẹ kí ẹ fi sùn dáadáa lẹ ń lò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ti àpò yín jáde. Ẹlòmíràn ń fi ọmọ kékeré sílẹ̀ fún ọkọ tàbí aya kó tó lè wá. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú yín. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ka lẹ́tà yìí bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kórìíra oore. Mo fẹ́ kí oore yín pẹ́ lára ẹni tí ẹ ṣe é fún ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò yín láti ọjọ́ kejì ìgbà tí ẹ bá ti padà lọ. Kí ẹ tó mú ọjọ́ tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn náà nígbà tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ ti bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ kọ́kọ́ wá a rí ná.

Ẹ wo irú àìsàn tí ẹ ń bá lábẹ́ àtíbàbà. Díẹ̀ ni ibà tí oògùn ọjọ́ mẹ́ta ń lé lọ. Díẹ̀ ni ọgbẹ́ tí a wẹ̀, tí a dì, tó sì jinná. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àtọ̀gbẹ ni, glaucoma ni, fòníkú-fọ̀ladìde ni, lákúrègbé ni, ikọ́ tó ti ń bá èèyàn jí láti oṣù mẹ́ta ni. Àwọn àìsàn tí a ń bá gbé títí ọjọ́ ikú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, oògùn wọn kò sì ní ọjọ́ ìparí. Ẹ̀yin ń bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yín yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ. Ó lọ síbi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ṣe nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ga gan-an. Ọmọbìnrin tó tọ́jú rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó fún un ní oògùn oṣù kan, ó ní kó máa lo ẹyọ kan lójúmọ́. Ìyá náà lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tó fi máa tán, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì gbà pé òun ti gba ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó là á yé e pé kò gbọdọ̀ dáwọ́ oògùn náà dúró. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wa nílé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ta àtíbàbà sí kò jìnnà sí wa rárá. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ padà, ó mú páálí oògùn tó ti ṣófo lọ sí kẹ́mísì. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ òkè òkun sọ ọ́ ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí náà, ẹni tó ń ta oògùn ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Amlodipine lásán ni, èyí tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ lẹ́yìn ibi tó jókòó sí! Ìyá náà gbé páálí rẹ̀ padà sílé, ó ń retí kí àwọn ọmọ òkè òkun tún dé. Kí wọ́n tó dé, rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Kò ta ẹ̀kọ mọ́ láti ìgbà náà.

Mi ò di ẹ̀bi náà ru ọmọbìnrin yẹn. Bó ṣe ń ṣe é níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ṣe ṣe é níbí. Lọ́hùn-ún, bó bá kọ oògùn fún aláìsàn, dókítà àdúgbò onítọ̀hún á rí i nínú kọ̀ǹpútà, apòògùn á máa fún un lóṣooṣù, wọ́n á pè é pé kó wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó bá pẹ́ tí wọn kò rí i. Gbogbo ètò yẹn wà lẹ́yìn ìwé kékeré kan tó kọ. Nílé níbí, àwa tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé la yẹ kó dípò ètò yẹn, àwa gan-an ni wọn kò sì sọ fún.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí. Ẹni tó jí láàárọ̀ kùtù, tó rìn wá láti abúlé, tó dúró lórí ìlà nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, tí gbohùngbohùn ń pariwo lórí rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù pé nọ́ńbà lè tán kó tó kàn án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ga bí ẹ bá wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í tìtorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sọ èèyàn di aláìsàn títí ayé, àfi bó bá ga dé ibi tó léwu, bíi 180 lórí 110 sókè. Ó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn láàárín èrò tó pọ̀ bí èrò ọjà. Àwa lè ṣe é. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìlú náà ṣáájú, tí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ tó dára méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nílé á ti máa wọn àwọn èèyàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá dé, àwọn tó nílò dókítà lóòótọ́ ni ẹ máa bá, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà á wà nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa bá a lọ.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí gbogbo ayé sì wá kọ́ ọ lọ. Ní 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tó ti di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ó rí i bí àwọn ọmọdé ṣe ń kú nítorí measles, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ. Kò jókòó sí Iléṣà kó máa retí kí àwọn ìyá gbé òkú ọmọ tàbí ọmọ tó ti fẹ́ẹ̀ kú wá bá òun. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n sì máa fún un lóògùn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ gbà nígbà náà pé dókítà nìkan ló tọ́ sí. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ìlú náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà, oṣù dé oṣù.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni káàdì. Káàdì tó ń fi hàn bóyá ọmọ ń sanra sí i tàbí ó ń rù, kò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ló gbé e fún kó máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá tí kò kàwé á sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí akọ̀wé ilé ìwòsàn ṣe lè tọ́jú rẹ̀ lọ. Káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé lónìí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú orírun rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Morley padà sílùú rẹ̀, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé sì ti wà lọ́wọ́ ìyá.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, mi ò sì ní láti sọ fún yín nípa Igbó-Ọrà. Láti 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ ní Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé níbẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ yín níbẹ̀, pé kí ẹ mọ ilé aláìsàn, kí ẹ mọ odò tó ń mu, kí ẹ mọ ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn kò tíì gbó.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé, kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan gba ìwé tirẹ̀ lọ sílé. Ohun tí ẹ rí lára rẹ̀, iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, oògùn tí ẹ fún un ní orúkọ tí gbogbo kẹ́mísì mọ̀ ọ́n sí, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà wá rí wa, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kó tó di pé ẹ tú àtíbàbà.

Ó di orí oògùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń kó páálí jọ sínú gáràájì láti oṣù mẹ́fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí oògùn ọ̀fẹ́ láti 1996, nítorí ìyà tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ti fi jẹ àwọn orílẹ̀-èdè. Ìlànà náà ní kí ẹni tí ẹ fẹ́ fún kọ́kọ́ sọ pé òun nílò rẹ̀. Kó jẹ́ irú oògùn tó wà nínú ìwé oògùn tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Nígbà tó bá fi máa dé, kó ṣì ku ọdún kan, ó kéré tán, kó tó kọjá àkókò. Kó má sì jẹ́ èyí tí aláìsàn dá padà, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ ń pín fún dókítà kó fi tọ́ ọ wò. Oògùn tí ẹ kò bá fẹ́ fún ìyá yín lọ́hùn-ún, ẹ má gbé e wá fún ìyá ẹlòmíràn níbí. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, náà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹrù tó gbéra. Bí wọn kò bá mọ̀, ó lè jókòó sí èbúté tàbí pápákọ̀ òfurufú títí ìsinmi yín á fi tán.

Kì í ṣe ẹ̀yin ni ìyà oògùn tó bá ṣẹ́kù máa jẹ. Àwa ni. A ò lè lò ó, a ò lè tà á, a ò sì lè dà á sórí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń ṣa nǹkan. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá lò náà ńkọ́? Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí yóò sùn lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ.

Ohun tí mo rí tó sàn jù ni pé kí ẹ ra oògùn nílé, lọ́wọ́ àwọn apòògùn tó ní ìwé àṣẹ ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Á jẹ́ irú èyí tí aláìsàn lè tún rà. Ẹ tún lè ṣe ohun kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ti ní ètò adójútòfò ìlera tí èèyàn ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá rí àádọ́ta èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga tàbí tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, tí wọn kò sì lágbára, ẹ fi owó tí ẹ ò bá fi kó oògùn wá nínú ọkọ̀ òfurufú san owó ọdún kan fún wọn. Orúkọ wọn á wọ ìwé, wọ́n á sì máa rí ẹni tọ́jú wọn nígbà tí ẹ bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn pé ọmọ ilé ni àwọn, kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè ìwé. Igbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín, MDCN, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aláìsàn ní Nàìjíríà láìní ìwé àṣẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Pé o jáde ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lógún ọdún sẹ́yìn kò tó, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìwé náà dọ̀tun. Ẹni tí wọn kò kọ́ níbí gbọ́dọ̀ gba ìwé onígbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti apòògùn náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tiwọn. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Ìwé wọ̀nyí ń gba àkókò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńkọ́, àwọn tí wọ́n bí lọ́hùn-ún tí ẹ ń mú bọ̀ kí wọ́n lè mọ ilé? Inú wa dùn sí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n wo bí a ṣe ń ṣe é, kí wọ́n bá wa kọ orúkọ, kí wọ́n gbé omi fún àgbà. Àmọ́ ohun tí wọn kò gbà wọ́n láyè kí wọ́n ṣe ní Manchester, kí wọ́n má ṣe é lára ará Ìmẹ̀sí. Aláìní kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ iṣẹ́.

Ìlera ẹ̀yin fúnra yín ń kó mi lọ́kàn sókè pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bí yín síbí, tí ẹ sì ti ní ibà títí ní kékeré, ibà kò lè ṣe yín ní nǹkan. Agbára tí ara ní láti bá ibà jà máa ń dín kù bí èèyàn bá ti kúrò níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́ fún ọdún díẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń dá dúbúlẹ̀ ni àwọn tó lọ kí ẹbí wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn èèyàn bíi tiyín nìyẹn. Ẹ lo oògùn tó ń dènà ibà, ẹ lò ó dé ìparí, ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Oṣù Kejìlá lẹ sábà máa ń fẹ́ wá, nítorí ọdún àti ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ibà Lassa máa ń gbilẹ̀, pàápàá láti ìgbà yẹn títí di oṣù Kẹrin. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní gbogbo Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó bá kó o lọ. Láti ara eku ló ti ń wá, ó sì ń ti ara aláìsàn ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti pa dókítà, ó ti pa nọ́ọ̀sì. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn. Ẹni tó bá ti pẹ́ lókè òkun kò ní rò ó rárá. Ẹ gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kó ìbọ̀wọ́, ìbòjú àti aṣọ ìdáàbòbò tó pọ̀ tó wá, fún ara yín àti fún àwọn tí ẹ ó jọ ṣiṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà ibi tí a ń pè bí a bá fura. Àrùn náà lè wà lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú, nítorí náà bí ara yín bá gbóná nígbà tí ẹ ti padà dé ọ̀hún, ẹ tètè sọ fún dókítà ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Nípa iṣẹ́ abẹ, mo mọ̀ pé òun ló ń fani mọ́ra jù, nítorí èrè rẹ̀ hàn sójú. Àgbẹ̀ tó ti ń gbé ìpá kiri láti ọdún mẹ́wàá padà sóko, ìyá arúgbó tí ohun funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn sí irú rẹ̀ gan-an, mo sì ti sunkún ayọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní iná, ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ àti ibùsùn ni kí ẹ ti ṣe é, kò sí ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ kíláàsì ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lo ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 fún ààbò iṣẹ́ abẹ, bí ẹ ṣe ń lò ó lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n ṣe ojú fún nílò kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ kejì, ó nílò oògùn ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì nílò kí wọ́n tún yẹ ojú náà wò kí wọ́n tó fún un ní awò. Nítorí náà, ẹ parí iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ ń lọ lẹ ń rán ẹni tó kẹ́yìn. Kí dókítà abẹ kan tó wà nílé wà pẹ̀lú yín níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó mọ ohun tí ẹ ṣe àti bí ẹ ṣe ṣe é, kó lè dá sí i bí ọgbẹ́ bá kẹ̀. Bí ẹ ò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ ṣe ibi ìkọ̀kọ̀ fún àwọn aláìsàn. Aṣọ ìkélé kò wọ́n. Kò yẹ kí ẹ bi bàbá àgbà léèrè bó ṣe ń tọ̀ níṣojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò ìyá tó ṣí àyà sílẹ̀ kí wọ́n yẹ ọyàn rẹ̀ wò, kó wá máa tàn kálẹ̀ lórí Facebook. Bí olóṣèlú bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ lé àpò oògùn yín, ẹ kọ̀ fún un.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ bá ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin kọmíṣọ́nà ìlera sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yin náà á ka lẹ́tà yìí. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ òkè òkun kò lè rọ́pò iṣẹ́ yín. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ nínú owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Àwọn ará ìlú fẹ́ rí owó yẹn lára ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọn: kí omi máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, kí iná wà nígbà tí aboyún bá ń rọbí lóru, kí nọ́ọ̀sì ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí àwọn àlejò bá ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìṣíde nìkan la ó rí yín. Ẹ rán ẹnì kan tí yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò gba orúkọ àwọn aláìsàn, tí yóò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa gba oògùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ ní ìmọ̀ tí a ò ní, a sì ní ìmọ̀ tí ẹ ti gbàgbé. A mọ ọjọ́ ọjà, a mọ ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó máa wá. A mọ ìyá tó ní oògùn nílé tí kò lò ó, a sì mọ ìdí. A mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà bí òjò bá rọ̀. Ẹ fún wa ní ìjókòó nídìí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń ṣètò, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá dé tí ẹ wá ń wá ẹni tí yóò to ìlà. Bí ẹ bá sì rí àyè ọjọ́ kan, ẹ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó wà nílé ní ohun tuntun tí ẹ mọ̀. Ẹ máa pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn náà, kí wọ́n lè bi yín léèrè bí nǹkan bá rú wọn lójú. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ sí ìlú kan náà, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà. Ẹ má torí òkìkí máa lọ káàkiri ìlú mẹ́wàá.

Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀bẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ pè é. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í léèrè ohun mẹ́ta: irú àìsàn wo ló ń rí jù, oògùn wo ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye èèyàn tó lè máa tọ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Iye tó bá dárúkọ fún yín, òun ni kí ẹ wá tọ́jú.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.